Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, owó oníbàárà ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò fẹ́ kẹ́yin náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí mo ṣe fúrídọ̀mù, màmá kan gbé Camry wá, wọ́n ní sítíárìn ń gbọ̀n. Mi ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Mo gbé jáàkì sí i, mo ní tie rod, irin tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló jẹ, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tún fi ball joint, oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀, kún un. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n padà dé: "Ọmọ mi, ó ṣì ń gbọ̀n o."

Bàbá fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dìde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà iwájú yípo, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lára aṣọ. Wọ́n dúró lójú kan, wọ́n fa ọwọ́ mi síbẹ̀. Ó wú. Wáyà inú ẹ̀ ti ya kúrò lára rọ́bà. Wọ́n nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sára táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, sì hàn: 2309. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Tókunbọ̀ ni, ojú ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa, ohun tó tan màmá nìyẹn. Mo dá owó iṣẹ́ wọn padà.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Tó bá jẹ́ lórí eré, bíi 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan ní márosẹ̀, ẹ wo bálánsì, ìyẹn bóyá ìwúwo táyà àti rímù dọ́gba yípo. Òjé ara rímù lè ti bọ́, tàbí kí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ inú ẹ̀. Nígbà òjò, mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé omi àti búrọ́ọ̀ṣì nìkan la fi tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, dísìkì ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń tẹná, ẹ wo ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Èyí tó ń mì láti bíi 20, tí orí ọkọ̀ ń jù sọ́tùn-ún sósì, táyà tó wú tàbí rímù tó tẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ rọra fọwọ́ pa á o, wáyà lè ti yọ síta. Ẹ má sì jẹ́ kí táyà tó wú kúrò lọ́dọ̀ yín lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ó lè bẹ́ lórí eré.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà: iye tó wà lára táyà kọ́ lẹ máa fún un, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Tí etí táyà méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó. Tí àárín bá jẹ, ó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ etí kan, aláìmẹ́ǹtì ni, ìyẹn ni pé táyà ò dúró gún.

Tẹ́ ẹ bá ń dá táyà padà, ẹ ha ìpẹtà ẹ̀yìn rímù kúrò, kẹ́ ẹ sì de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkojú. Ẹ má dè wọ́n tẹ̀ léra. Kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn bíi 100 kìlómítà, kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Ẹ má gbowó lórí ìyẹn.