Níbo lẹni kejì á jókòó sí?

Ara mi ò lélẹ̀ lálẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ìrìn òní dáa. Ilé ìdáná mẹ́rin lèmi àti àbúrò mi yẹ̀ wò, ká lè rí bí kálukú ṣe tò ó, gbogbo àwọn onílé ló sì fi ọ̀yàyà dáhùn ìbéèrè mi. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé mi délé.

Ilé kẹta ni. Obìnrin tó ni ín ń ṣàlàyé bó ṣe tò ó: sínkì lábẹ́ fèrèsé, ìgbésẹ̀ méjì sí sítóòfù, méjì sí fìríìjì. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tó máa nàgà kó tó kàn. Ọwọ́ òsì ló fi ń gé nǹkan, òsì náà sì ni dúrọ́ọ̀ ọ̀bẹ wà. Mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, rọra sọ fún àbúrò mi pé, "Ó dáa o. Àmọ́ níbo lẹni kejì á jókòó sí?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Bóyá ọmọ wọn ò gbọ́. Èmi gbọ́.

Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ya tèmi sórí bébà. Ìlànà onígun mẹ́ta táwọn tó ń ya ilé ìdáná máa ń lò ni mo tẹ̀ lé, sínkì, sítóòfù, fìríìjì, kí àárín méjì nínú wọn má dín ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kó má sì ju 9 lọ. Mo ṣì gbà pé ó tọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn ló mọ ohun tí ìgbésẹ̀ kan ń jẹ́.

Ìgbésẹ̀ náà ni Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán ilé, rò lọ́dún 1926, nígbà tó ń ya ilé ìdáná fún àwọn ilé tuntun ní Frankfurt, ní Jámánì. Ó tilẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé ìdáná ọkọ̀ ojú irin. Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà 1.9 lọ, gígùn rẹ̀ nǹkan bíi mítà 3.4, nǹkan bí 10,000 irú ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́. Àga wà níbẹ̀, àga tó ń yí, àmọ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ ilé dín kù lọ́rùn obìnrin ni, mi ò sì lè bá a wí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìtàkúrọ̀sọ ṣe nídìí iná?

Rárá, mo parọ́. Ó fẹ́ ẹ. Èmi fẹ́ ẹ.

Ṣé ẹ rí i, tí màámi bá wá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n máa ń dúró sí, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Èmi á ní, "Ẹ lọ jókòó ní pálọ̀, Màámi, mò ń bọ̀." Wọ́n á lọ. Mo rò pé mò ń ṣìkẹ́ wọn ni.

Ilé kejì, tábìlì ńlá ló gba àárín, bàbá onílé ń rìn yí i ká bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kó gbé e kúrò. Ó ní ìdí tábìlì yẹn làwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lójúmọ́. Mo pa ẹnu mọ́.

Ti ilé kẹrin wù mí! Ọkùnrin gíga ni, ó gbé kántà sókè kọjá íǹṣì 36 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ẹ̀yìn ò sì dùn ún mọ́. Ilé kìíní lẹ́wà.



Mo gbé àga kan wọ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ fìríìjì nìkan ló gbà á, ilẹ̀kùn fìríìjì ò sì ṣí tán mọ́. Mo ti wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Màámi ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé...