Láti Takayama sí Shirakawa: ẹ má gba òpópónà márosẹ̀

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Nagoya, ní Japan, tẹ́ ẹ sì ń múra àtilọ kí wọn, bí ọjọ́ méjì bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, ẹ háyà mọ́tò ní ìlú Takayama, kí ẹ wà á lọ wo àwọn ilé olórùlé koríko ní Shirakawa. Òpópónà márosẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa júwe fún yín, torí kò tó wákàtí kan. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú ihò lẹ máa wà: èyí tí wọ́n gbẹ́ la òkè Hida já, tí wọ́n ṣí ní 2008, nìkan lé ní kìlómítà 10. Ta ló ń wọ bàálù lọ wo ògiri?

Ọ̀nà 158 ni kí ẹ bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí dé Makido, kí ẹ wá yà sí ọ̀tún bọ́ sórí 156, tó ń bá odò Shō rìn. Ẹ ka wákàtí méjì sí i. Adágún Miboro lẹ máa kọ́kọ́ bá. Abúlé ni ìsàlẹ̀ omi yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sé odò náà, wọ́n hú igi ṣẹ́rì méjì tó ti lé ní 400 ọdún, wọ́n gbé wọn gòkè ní 1960, wọ́n tún wọn gbìn sétí omi. Wọ́n ṣì ń tanná ní ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà nìkan kò tó. Ìwé ìwakọ̀ àgbáyé ti àdéhùn Geneva 1949 ni wọ́n ń gbà. Ti Vienna 1968 kò wúlò níbẹ̀. Ẹ yẹ èèpo ìwé yín wò kí ẹ tó kúrò nílé. Mọ́tò kékeré onínọ́ńbà yẹ́lò, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 660 cc, ló bá ọ̀nà tóóró mu jù. Níléepo, ẹnu rọ́bà pupa ni bẹntiróòlù lásán, àwọ̀ ewé ni dísù. Ẹ má ṣì í mú.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, àwa sì ti fi í sílẹ̀ láti 1972. Títì gan-an kì í da èèyàn láàmú tó bẹ́ẹ̀. Tiráfíkétọ̀ ni, torí apá ọ̀tún sítíárìn ló wà. Ẹ fẹ́ yà, wáípà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó gbẹ. Ní kọ́nà tí ẹ kò ti rí iwájú, ẹ wo dígí ribiti tí wọ́n gbé sórí òpó.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu ju gígun lọ. Kò sí irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ lé bíréèkì láìgbé e kúrò, páàdì á gbóná, omi bíréèkì á hó, ẹsẹ̀ á kàn rì wọlẹ̀ lásán. Ẹ fa gíà sí L tàbí 2 (B nínú àwọn mìíràn) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, ẹ dúró níbi tó fẹ̀ kó tutù. Ẹ má da omi sí i o. Irin rẹ̀ lè sán.

Ní Ogimachi, abúlé tí ẹ ń lọ wò ní Shirakawa, òdìkejì odò lẹ máa páàkì sí, kí ẹ fẹsẹ̀ gba orí afárá wọ abúlé. Koríko ni wọ́n fi bo ilé, òrùlé rẹ̀ sì ga ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé, kí yìnyín má baà jókòó sórí rẹ̀. Ẹ gun àjà ilé tí wọ́n ṣí fún àlejò, kí ẹ wo ibi tí àwọn igi òrùlé ti pàdé: okùn àti ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n lọ́ ni wọ́n fi dì í, kò sí ìṣó níbẹ̀. Àjà yẹn ni wọ́n ti máa ń sin kòkòrò sílíìkì láyé àtijọ́. Ti sányán wa inú igbó ló ń gbé. Tiwọn, inú ilé ni wọ́n ti máa ń fún un léwé jẹ nígbà yẹn. Bí koríko bá gbó, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ láti tún un bò. UNESCO ti ka Ogimachi mọ́ ogún àgbáyé láti 1995, pẹ̀lú abúlé Ainokura àti Suganuma tó wà níwájú. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti Ogimachi, àwọn ni mo sì fẹ́ràn jù.

Láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹta, ẹ rí i pé táyà yìnyín ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò. Orí afárá àti ẹnu ihò ló máa ń kọ́kọ́ dì, ojú kì í sì í rí i. Bẹ́ ẹ kò bá wa mọ́tò lórí yìnyín rí, bọ́ọ̀sì ń lọ láti Takayama. Ẹ wọ̀ ọ́.