Òpó Kékeré Tí A Fi Ṣe Igun Pápá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́bàá Ojú Irin

Bí pápá kan bá wà ní àdúgbò yín tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti wà ní kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, kí ẹ sì béèrè nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ ìdáhùn ṣì wà láàyè. Èmi kò béèrè. Àwa tí a dàgbà sí orí pápá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lé ní ogójì, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí típà kan wá da iyanrìn sí àárín rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Ọdún 1907 ni rélùwéè dé ìlú wa, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ó dé Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ni irin sì parí sí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ síwájú lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Irin náà kò fẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ààbọ̀ péré ni ó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí ìkejì, a sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí àwọn ìyá wa kò bá sí nítòsí.

Láàárín irin yìí àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé kan ni pápá wa wà, ní apá ibi tí ọkọ̀ ti máa ń rọra rìn kí ó tó wọ tẹ́sọ̀n. Kò tẹ́jú. Ọwọ́ òkè ga ju ọwọ́ ìsàlẹ̀ lọ, òkúta tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin sì máa ń yí wá sórí rẹ̀ lásìkò òjò, nítorí náà kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tí kò ní àpá lórúnkún. Mẹ́ta ni tèmi. Bọ́ọ̀lù félélé ni a ń gbá nígbà tí owó bá wà; bí kò bá sí, a ó wé àkísà sínú ọ̀rá, a ó fi okùn dì í dáadáa, eré á sì máa lọ.

Ọkọ̀ ni ó ń sọ ìgbà tí a ó sinmi. Bí apá irin tí ó wà lórí òpó gíga nítòsí tẹ́sọ̀n bá ti yí ipò padà, a ti mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á gbé e mọ́yà, gbogbo wa á sì sún sí ẹ̀gbẹ́ ilé. A ní òfin tiwa pé bí bọ́ọ̀lù bá rékọjá irin, ẹni tí ó gbá a ni yóò lọ mú un, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kí ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wa tó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì ní kí ó máa lọ. (Àwọn kan nínú wa a máa fi etí lé irin láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Pàṣán ni wọ́n fi gba ìwà yẹn lọ́wọ́ wa, ó sì tọ́ sí wa. Bí ọmọ yín bá ń ṣeré nítòsí irin, ẹ kọ́kọ́ gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀.) Ṣùgbọ́n a kì í lè ṣe sùúrù kí ọkọ̀ kọjá tán. Bí àwọn èrò bá ti ń yọ orí lójú fèrèsé, tí àwọn oníbúrẹ́dì àti ọlọ́sàn ń sáré lọ pàdé wọn ní tẹ́sọ̀n, a ó ti da bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nítorí a fẹ́ kí àwọn tí ń lọ sí Kano rí wa. Ọmọ kan wà nínú wa tí kì í fún ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù bí ọkọ̀ bá ń kọjá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní Sùúrùlérè láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, etí rédíò ni a wà. Segun Odegbami jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó ń jẹ́ Odegbami lórí pápá wa, mẹ́rin ń jẹ́ Muda Lawal, ṣe ni a fipá mú ọmọ kan kí ó tó gbà láti jẹ́ Best Ogedegbe, nítorí ẹni tí ó bá jẹ́ Ogedegbe ni yóò ṣọ́lé.

Ní igun pápá tí ó sún mọ́ irin, òpó kan wà níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, igun mẹ́rin ni ó ní, kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ, orí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n sì ti fi ohun ṣóńṣó kọ lẹ́tà àti nọ́ḿbà sí i nígbà tí sìmẹ́ńtì náà ṣì tutù. Ibẹ̀ ni a ti ń gbá kọ́nà. Orí rẹ̀ ni a ń kó aṣọ ilé-ìwé lé kí ó má baà dọ̀tí. Mo ti jókòó lórí nọ́ḿbà yẹn títí ó fi yọ ojú sí mi lára, n kò sì kà á rí.

Ọkùnrin kan tí ń ṣọ́ géètì níbi tí títì ti gba orí irin kọjá ni ó kọ́kọ́ kì wá nílọ̀. Bàbá Onígéètì ni gbogbo wa ń pè é. Bọ́ọ̀lù wa yí lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé e dání, ó rìn wá bá wa, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan òpó náà lórí lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ mọ̀ pé ibí ni ilẹ̀ rélùwéè parí sí? Gbogbo ibi tí ẹ ti ń sáré kiri yìí, ilẹ̀ onílẹ̀ ni o.”

“A ti gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ju bọ́ọ̀lù wa.”

Ó ju ú. Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní ogún.

Ohun tí gbogbo àdúgbò gbà ni pé rélùwéè ni ó ni pápá náà, àti pé ohun tí ó bá jẹ́ ti ìjọba, kò sí ẹni tí yóò lè tà á. Ọkàn wa balẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wádìí. Nígbà tí típà dé, a kọ lẹ́tà, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì rélùwéè tìbínú-tìbínú, ọ̀gá kan níbẹ̀ sì fi sùúrù tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó gbé ìka lé ibi tí òpó wa wà. Ilẹ̀ wọn kò dé pápá wa rárá. Ẹbí tí ó ni ín ti tà á, ìwé wọn pé, wọn kò sì fi ohunkóhun rẹ́ wa jẹ. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwọn ni wọ́n ń fi ilẹ̀ wọn gbà wá láàyè láti ọjọ́ yìí wá láìgba kọ́bọ̀. Olórí ẹbí náà sọ fún wa pé bí a bá ti wá bá bàbá òun nígbà ayé rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí bàbá náà a máa gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́ láti wò wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti típà lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí, ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó kọ́kọ́ rìn yí pápá náà ká, kí ó wá irú òpó bẹ́ẹ̀ nínú koríko, kí ó sì da nọ́ḿbà orí rẹ̀ kọ. Kí ó gbé nọ́ḿbà náà lọ bá sọ̀fíyọ̀, ìyẹn ẹni tí ń wọn ilẹ̀, tí ó ní ìwé àṣẹ, nítorí nọ́ḿbà yẹn ni ó lè tọ́ka sí ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ìwé tí ó ṣáájú ìgbà náà sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ẹni náà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó. Èyí tí àwọn ọmọ ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Èyí tí olórí ẹbí bá sì dá nìkan fọwọ́ sí, àwọn àgbà ẹbí tí wọn kò pè sí i lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Gbogbo wọn ni kí ó wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìwé. Ìwé ẹbí nìkan kò sì tó, nítorí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi gba C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Kí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni yóò wà lórí ìwé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ ẹnì kan nínú wa sí i nígbà tí ó kàn wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀, ó ní òun mọ àwọn ọmọ òun.

Àwa tí a ṣẹ́kù dá owó jọ fún ọdún mẹ́rin, a sì ra ilẹ̀ tí kò tó ìdajì pápá àtijọ́. Ó jìnnà sí irin. Ní ọjọ́ kejì tí sọ̀fíyọ̀ ri òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo lọ wò ó, mo bá ọmọkùnrin kan tí ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ orí ọ̀kan nínú wọn. Mo gbé ẹ̀wù náà kúrò, mo ní kí ó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kà á tán láìṣì í, ó sì gbójú sókè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi ṣe kọ́nà?”

Mo ní kí wọ́n máa fi ṣe é.