Ilé Tó Rọ̀ Mọ́ Òpó Kan

Sátidé, alẹ́

Ọmọ mi ti sùn. Ikọ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lónìí ni mo mú un lọ sí mùsíọ́mù Henry Ford ní Dearborn, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọkọ̀ àtijọ́ ló ń sáré lọ wò. Èmi, ilé ni mo wá wò, ilé roboto kan tó ń dán bí ìkòkò tuntun, tí Buckminster Fuller, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń hùmọ̀ nǹkan tuntun, ya àwòrán rẹ̀. Òpó irin kan ṣoṣo ló dúró láàárín, gbogbo ìyókù wá rọ̀ mọ́ ọn bí aṣọ agbòjò ṣe ń rọ̀ mọ́ igi rẹ̀. Mo pẹ́ nínú balùwẹ̀. Irin tí wọ́n tẹ̀ ni, kò ní kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí lè sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha àárín táìsì rí ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ò sì ní kéèyàn nàgà tàbí kó bẹ̀rẹ̀: bọ́tìnnì lèèyàn ń tẹ̀, pẹpẹ á yí wá bá a.

Wichita, ní Kansas, ni wọ́n ti ṣe é, ní 1945 sí 1946. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn sójà ń ti ojú ogun bọ̀, wọn ò rílé gbé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù ogun náà ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́. Fuller ní kí wọ́n máa fi irin bàálù ṣe ilé, kí wọ́n máa tà á ní $6,500, kí ohun èlò díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ẹ. Fuller ní kò tíì rí bí òun ṣe fẹ́ kó rí, òun àtàwọn tó dáwó lé e jà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ta ilé náà sì tú ká. Méjì péré ni wọ́n ṣe, fún ìdánwò. Ó ń dùn mí. Mo mọyì ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ òun lábùkù, ṣùgbọ́n ilé tó jò díẹ̀ sàn ju àìrílégbé lọ.

Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni Alexandra, ọmọ rẹ̀. Ó kú ní 1922, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Fuller gbà pé ilé olótùútù tí wọ́n ń gbé wà lára ohun tó fà á. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mi ò sì tètè lè kúrò níbẹ̀.

Ilé tí àwa ń gbé, mo ní láti ka bíìlì gáàsì oṣù tó kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, òtútù ń gba ẹsẹ̀ fèrèsé wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe onílé.

Bá a ṣe ń jáde ní mùsíọ́mù, ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ṣì ń tà á?"

Mo ní wọn ò tà á rí.

Mo ti tún fi táwẹ̀lì dí ẹsẹ̀ fèrèsé yàrá rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an níta.