Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nígbà tí Mo Ra Ọkọ̀ Káńpà Kékeré

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn nínú ọkọ̀ káńpà (ọkọ̀ tí a lè sùn, tí a sì lè dáná nínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò) tí mo kọ́kọ́ rà ni mo mọ̀ pé ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo wò. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì sì há sínú rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni a ní láti tẹ́ kí ó tó di ibùsùn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè kó ẹrù orí rẹ̀ sí. A gbé àpò kan sórí ìjókòó awakọ̀, a gbé òmíràn sórí sítóòfù, àbíkẹ́yìn wa sì jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń tòògbé. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, òfìfo ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì rò pé ó láàyè.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó kó ẹrù tirẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ó tẹ́ ibùsùn, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ẹni tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lè dìde lóru láìtẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Kí ó fi téèpù wọn gígùn ibùsùn náà fúnra rẹ̀. Kí ó sì ka bẹ́líìtì ìjókòó, nítorí ọkọ̀ tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí lè má ní ju bẹ́líìtì méjì lọ.

Ohun tí ó dùn mí jù lọ ni ti ìwúwo, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ìwúwo tí ọkọ̀ mi kò gbọdọ̀ kọjá, pẹ̀lú ènìyàn àti ẹrù, jẹ́ kìlógíráàmù 2,800. Nígbà tí mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, òun nìkan lófìfo ti tó 2,390, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù, fìríìjì àti bátìrì tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀. Ó ku 410. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba 230 nínú rẹ̀. Omi lítà 60 jẹ́ kìlógíráàmù 60, nítorí lítà omi kan kò yàtọ̀ sí kìlógíráàmù kan. Ó wá ku 120 fún oúnjẹ, aṣọ, gáàsì, tábìlì àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Ọkọ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù fún, bíréèkì rẹ̀ kì í tètè mú un dúró, táyà rẹ̀ a sì máa gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn ọkọ̀ náà kí ẹ tó san owó.

Ní ti òrùlé, mo fara mọ́ èyí tí a ń gbé sókè tí a bá dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í dá òtútù àti ariwo dúró dáadáa. Bí a bá ti gbé e wálẹ̀, ọkọ̀ tí kò ga tó mítà 2 lè wọ ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n fi irin dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohun tí ó sì mú wa ra ọkọ̀ kékeré ni kí a lè wọ àárín ìlú.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń rọ́ sí bí ó bá jò. Nítorí náà, ihò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ tí yóò gbé e jáde síta. N kò lè sùn nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ tí ń kígbe bí carbon monoxide bá wà nínú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró yìí kò ní òórùn rárá.

Nígbà tí a ń wá èkejì, a kó ìrọ̀rí, aṣọ ìbora àti gbogbo àpò wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á. A ti ilẹ̀kùn, a tẹ́ ibùsùn, a sì dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Àbíkẹ́yìn wa sùn lọ fọnfọn níbẹ̀ kí a tó jáde lọ dúnàádúrà.