Ìfun ẹja, ìbẹ́pẹ tútù àti kẹ́ẹ̀gì méjì: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọjọ́ 1. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun o, ajílẹ̀ olómi tí mò ń fi ìfun ẹja ṣe fún ọ̀gbìn. Ìyá ẹlẹ́ja tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba ló kó ìfun ẹja àrọ̀ kílò 4 fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, kí lo tiẹ̀ ń fi ìdọ̀tí yìí ṣe gan-an?", mo ní ẹ jẹ́ n ṣe é yọrí ná màámi, màá bù wá fún ẹ̀fọ́ yín. Ó ń dùn mí ni, torí tójò bá ti rọ̀ báyìí gọ́tà ló ń gbé e lọ, ó di odò Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ilẹ̀ gidi ni.

Ẹni tó bá ti fi ìbẹ́pẹ tútù se ẹran tó le rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Oje funfun ara ẹ̀ yẹn, papain ló wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Ìfun ẹja náà ní ẹ́ńsáìmù tiẹ̀, òun lẹja fi ń da oúnjẹ nígbà tó wà láàyè, ìbẹ́pẹ kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni.

Ti oṣù tó kọjá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ torí mo da omi híhó sí i, mo rò pé á tètè yá. Àṣìṣe ńlá! Purotéènì lẹ́ńsáìmù fúnra ẹ̀, omi híhó sè é bí ẹni se ẹyin, ó kú fin-ín-fin-ín, ìfun ò yọ́, ó kàn ń rùn ṣáá, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo bò ó mọ́lẹ̀ sí. Tọ̀tẹ̀ yìí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, mo fi tẹmọ́mítà wò ó, ìwọ̀n 55 lórí Celsius, mo wá gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sínú kúlà àtijọ́ kó má tètè tutù. Ọ̀kan ní ìbẹ́pẹ tí mo rin, ìkejì ò ní.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà mo ṣí i wò. Ti ìbẹ́pẹ ti ń ṣàn bí ọbẹ̀ ilá, òróró pupa fẹ́ẹ́rẹ́ léfòó sókè, mo fi ṣíbí kó o kúrò. Ìkejì ṣì ní kókó kókó nínú, ẹ lè di ìfun ẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ọjọ́ 2. Mo da omi ògì àti ṣúgà díẹ̀ sí i, kíkan ẹ̀ ni ò ní jẹ́ kí kòkòrò burúkú ráàyè. Ojoojúmọ́ ni mò ń tú ìdérí kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má gbàgbé ìyẹn o, kẹ́ẹ̀gì lè bẹ́.

Ọjọ́ 6. Pépà pH tí mo fi ń wo bó ṣe kan tó ti bọ́ sí 4, òórùn rẹ̀ ti sún mọ́ ti ògì tó kan. Mo ti ju ìyẹ́ adìẹ mẹ́ta síbẹ̀ láti ọjọ́ 1, mo fa ọ̀kan yọ, mo fomi ṣàn án, odidi ni, kò jẹrà níbì kankan. Kẹ́rátíìnì, purotéènì líle kan, ló wà lára ìyẹ́, sọ́fọ̀ (sulphur) ló so ó pọ̀, papain nìkan ò ká a. Baktéríà kan wà, Bacillus licheniformis, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó lè jẹ ẹ́, inú ilẹ̀ ló sì ń gbé.

Ife kan sí garawa omi kan ni mo bù sídìí ewédú láàárọ̀ yìí, ebè kejì omi lásán. Ti màámi wà nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ ọjà ni màá gbé e lọ.