Sadíìnì Ààjìn Òru

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn sadíìnì bí mo ṣe ń tẹ nǹkan yìí o, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, òórùn ò lọ. Enid Blyton, òyìnbó tó kọ ìwé ọmọdé, ló kó bá mi. Irọ́ ni, ọ̀fun mi ló kó bá mi.

Ẹ rántí ìwé rẹ̀ nípa àwọn ìbejì tí wọ́n lọ sí St. Clare's, ilé ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé, tá a máa ń fi tọ́ọ̀ṣì kà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì? Mo rí i rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ìwé, mo ní kí ọmọ mi tó ń wọ JSS1 kà á. Kò tiẹ̀ wò ó. Mo bá ní kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sùn.

Ní JSS2, Pat, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì yẹn, ni mo fẹ́ dà. Pat lóun ò ní nu bàtà síníọ̀, èmi náà bá ní mi ò ní pọnmi fún síníọ̀ tèmi. Ìlú òyìnbó ni Pat wà, ẹnikẹ́ni ò rán mi létí. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí orúnkún mi fi bó. Àmọ́ ní báyìí tí mo ti ń san school fees, ẹ̀yìn síníọ̀ ni mo wà! Ọmọ aláìgbọràn gbáà ni Pat.

Ìgbà tí mo dé ibi midnight feast, àsè tí wọ́n ń yọ́ jẹ láàjìn òru, ni wàhálà dé. Sadíìnì, mílíìkì agolo, ọ̀pẹ òyìnbó, jínjà bíà. 1941 nìwé yẹn jáde o, ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń wọn bọ́tà àti ṣúgà fún èèyàn nílùú òyìnbó! Ebi ń pa àwọn tó ń kà á nígbà yẹn bó ṣe pa àwa náà, àwa tí kòkòrò inú ẹ̀wà wa pọ̀ ju ẹ̀wà lọ.

Agogo méjìlá òru, itọ́ ń dà lẹ́nu ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo yọ́ wọ kíṣìnnì, mi ò tanná, torí wọn kì í tanná ṣe midnight feast. Ta ni mò ń sá fún gan-an? Èmi ni mo ra sadíìnì yẹn! Etí agolo já, mo fọ̀bẹ gún un, òróró tú sí mi láyà, agolo mílíìkì já lulẹ̀ gbàgà. Kí n tó gbé e, bàbá àwọn ọmọ ti yọ sí mi pẹ̀lú ọmọ odó, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi nìkan kọ́!"

Èmi àti ta ni? Ọkọ mi ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ó yẹ ẹ̀yìn fíríìjì wò, ó yẹ abẹ́ síǹkì wò, ó gbé ọmọ odó sókè, ó ń wá ẹnì kejì.